Iyanrìn Àgbádárìgì: Èrè àti Àdánù Ìwakùsà ní Àwọn Ìlú Etí Ọ̀sà

Bí a bá dárúkọ ìwakùsà, ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa a máa lọ sí ibi tí ó jìnnà. A ó rántí góòlù Iléṣà, èédú Enugu, tàbí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Ṣùgbọ́n ìwakùsà kan wà tí a ń ṣe ní ojú wa lójoojúmọ́, tí a kì í sì í pè é ní orúkọ rẹ̀. Iyanrìn ni a ń wà. Nínú ìwé ìrántí àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí, àti àwọn tí wọ́n ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò pẹ̀lú sùúrù: ohun tí iyanrìn ń mú wọlé fún wa, ohun tí ó ń mú lọ, àti ẹni tí èrè tàbí àdánù náà ń kàn.

1. Ìdí tí iyanrìn fi di ohun ọrọ̀

Òfin ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka iyanrìn mọ́ àwọn ohun tí a ń wà nínú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ka òkúta àti amọ̀. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Lẹ́yìn omi, kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn ń kó láti inú ayé tí ó pọ̀ tó iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tí ó ń bójú tó àyíká ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2022 pé gbogbo ayé ń lo nǹkan bí bílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Iyanrìn ni ó wà nínú búlọ́ọ̀kù, nínú kọnkéré, nínú ojú títì, àti nínú gíláàsì fèrèsé kíláàsì wa.

Kì í ṣe gbogbo iyanrìn ni ó ṣeé fi kọ́lé. Atẹ́gùn ti yí iyanrìn aṣálẹ̀ títí ó fi di róbótó, kò sì dì mọ́ sìmẹ́ǹtì dáadáa. Iyọ̀ wà nínú iyanrìn òkun, iyọ̀ náà a sì máa mú kí irin inú kọnkéré dípẹtà. Nítorí náà, iyanrìn odò àti ti ọ̀sà ni àwọn kọ́lékọ́lé ń wá jù lọ. Ìlú Èkó sì ń dàgbà lójoojúmọ́: a ń kọ́ ilé, a ń fi iyanrìn kún ẹrẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀, a sì ń fẹ títì. Láti ọdún 2009 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ni àwa tí a ń gba ọ̀nà náà ti ń fi ojú ara wa rí i bí iyanrìn tí iṣẹ́ kan ṣoṣo ń gbà ti pọ̀ tó.

2. Bí ilẹ̀ àti omi wa ṣe rí

Etíkun wa jẹ́ ọ̀já iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàrin Òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà. Ọ̀sà náà nà láti ìhà Àjàṣẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo, títí dé ìhà Èkó. Odò Yewa ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti òkè, ó sì ń gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀. Inú omi yìí ni Topo wà, òdì kejì rẹ̀ sì ni Gberefu, níbi tí àwọn àjèjì máa ń lọ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí òkè òkun. Àwọn Ògù àti àwọn Àwórì ti ń gbé ní etí omi yìí láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gbin àgbọn àti ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin Ògù sì mọ bí a ti ń se iyọ̀ láti inú omi àti ilẹ̀ etíkun.

Iyanrìn etíkun kì í dúró sí ojú kan. Ìgbì òkun ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ọdún, láti ẹ̀gbẹ́ odò Volta ní Gánà, gba Tógò àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọjá, títí dé ọ̀dọ̀ wa. Etíkun dàbí ọjà tí a ń tà tí a sì ń rà: bí iye tí ó ń wọlé bá tó iye tí ó ń jáde, ọjà náà a dúró. Bí a bá ń kó jáde ju èyí tí ó ń wọlé lọ, ilẹ̀ a máa sún sẹ́yìn.

3. Bí a ti ń wa iyanrìn

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà wa iyanrìn ní ọ̀sà. Ọ̀nà àtijọ́ ni ti ọwọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ a gbé ọkọ̀ igi lọ sí ibi tí iyanrìn wà, wọn a ti àkàbà tàbí òpó bọ inú omi, ọ̀kan nínú wọn a sì mú korobá wọ ìsàlẹ̀. A di èémí rẹ̀ mú, a bu iyanrìn, a sì gùn ún padà sókè, èkejì rẹ̀ a gbà á dà sínú ọkọ̀. Báyìí ni wọ́n ń ṣe títí ẹnu ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Iṣẹ́ agbára ni, iṣẹ́ ewu sì ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ènìyàn lè fi èémí ara rẹ̀ bù ní ọjọ́ kan.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ. A gbé ẹ̀rọ ńlá lé orí omi, ó ní ẹnu tí ó ń tú ìsàlẹ̀ ọ̀sà àti páìpù tí ó ń fa iyanrìn pẹ̀lú omi jáde sí èbúté. Iyanrìn a jókòó ní òkìtì, omi ẹlẹ́rẹ̀ a ṣàn padà sínú ọ̀sà, àwọn típà a sì tò láti gbé e. Ohun tí àwọn abẹ́mi-bu-iyanrìn ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe, ẹ̀rọ lè ṣe é láàrin wákàtí díẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, nítorí èémí ènìyàn kò tún jẹ́ ààlà fún ohun tí a lè kó mọ́.

4. Èrè tí ó wà níbẹ̀

Kò tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ àdánù láì kọ́kọ́ ka èrè. Iyanrìn ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oúnjẹ òòjọ́. Awakọ̀ típà ń jẹ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrù, àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn tí ń ta epo dísù, àwọn obìnrin tí ń se oúnjẹ ní èbúté, àti àwọn tí ń gé búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹbí tí ó ni ilẹ̀ etí omi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń kó iyanrìn jọ síbẹ̀. Ìjọba ń gba owó ìwé àṣẹ. Iyanrìn tí ó wà nítòsí sì ń mú kí ilé kíkọ́ dínwó díẹ̀, nítorí kò sí owó ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a pa gbogbo iṣẹ́ yìí rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kò tíì ro ti àwọn ọmọ tí owó iyanrìn fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́.

5. Àdánù tí ó ń tẹ̀ lé e

Èkíní ni ti inú omi. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni ẹja ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni edé àti akàn ń jẹun. Bí ẹ̀rọ bá tú u, ẹrẹ̀ a rú sókè, omi a dúdú, oòrùn kò ní lè wọlé sí ara àwọn ewéko inú omi, ẹrẹ̀ náà a sì bo ẹyin mọ́lẹ̀. Kòtò jíjìn tí ẹ̀rọ gbẹ́ sílẹ̀ kì í ní afẹ́fẹ́ tí ó tó fún ẹja láti mí. Àwọ̀n apẹja a máa há sí ara páìpù, a sì máa ya. Àwọn tí ń to ẹ̀ka igi sínú omi kí ẹja lè sá sí abẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ògù ti máa ń ṣe níhìn-ín àti ní ìhà Àjàṣẹ́, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ ti di ọ̀gbun.

Èkejì ni ti etí omi. Kòtò inú ọ̀sà kì í ṣófo títí. Iyanrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa ya lulẹ̀ láti dí i, bèbè odò a sì máa tẹ̀ lé e. Báyìí ni ilẹ̀ tí ẹnì kan kò tà fún ẹnikẹ́ni ṣe ń lọ, pẹ̀lú igi àgbọn àti ògiri ilé tí ó wà lórí rẹ̀. Ọmọdé tí ó mọ̀ pé omi mọ ní orúnkún ní ibi tí òun ti máa ń wẹ̀ lè ṣèèṣì bọ́ sínú ọ̀gbun tí a gbẹ́ síbẹ̀ láìsí àmì kankan.

Ẹ̀kẹta ni ti ojú ọ̀nà àti ti ìdílé. Típà tí ó wúwo kì í gba ọ̀nà abúlé kọjá láì fi kòtò sílẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí a sùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó ojoojúmọ́ a máa fa àwọn ọmọkùnrin kúrò ní kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó rí owó gbà ní ìrọ̀lẹ́ kì í rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun dúró de ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iyanrìn ibẹ̀ bá tán, ẹ̀rọ a kó lọ sí ibòmíràn, ọmọ náà kò sì ní iṣẹ́ ọwọ́, kò sì ní ìwé. Nínú ẹbí náà, ìjà a máa ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé àti ẹni tí ó gba owó.

6. Ta ni ó ń gba owó, ta ni ó ń san gbèsè?

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti wúwo jù lọ nìyí. Ilẹ̀ ní onílẹ̀, nítorí náà owó iyanrìn ń gba orí ilẹ̀ wọlé: ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni èbúté ni ó ń dé sí. Ṣùgbọ́n omi kò ní ẹni tí ó lè dá nìkan sọ pé tòun ni, nítorí náà gbogbo àwọn tí omi kàn ni àdánù ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin tí ń yan ẹja ní abúlé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò kò jókòó níbi tí a ti ń fọwọ́ sí ìwé. Kò sí ẹni tí ó pè é, nítorí kò ní ilẹ̀ ní ibi tí ẹ̀rọ dúró sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré yẹ̀ ẹ́ wò. Iye tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní ẹbí kan ń gba ₦600,000 lọ́dún fún ọdún 5 nítorí èbúté iyanrìn: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,000,000. Ká ní àwọn apẹja agbègbè náà ń rí ₦1,000,000 lọ́dún lápapọ̀, tí ẹja sì dín kù sí ìdajì fún ọdún 12, ìyẹn ọdún 5 tí iṣẹ́ fi wà àti ọdún 7 tí omi fi ń gba ara rẹ̀ padà. ₦500,000 ní ọ̀nà 12 jẹ́ ₦6,000,000. Ẹbí kan jèrè mílíọ̀nù 3, ìlú pàdánù mílíọ̀nù 6. Nínú ìwé ẹbí náà, èrè ni. Nínú ìwé ìlú, gbèsè ni. Ẹni tí ó bá ka ìwé kan ṣoṣo yóò rò pé iṣẹ́ náà dára títí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ka ìwé méjèèjì pọ̀.

7. Ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní etíkun kan náà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ní ilẹ̀ Tógò, wọ́n ń wa fọ́sífétì, òkúta tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, ní Hahotoé àti Kpogamé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé e wá sí Kpémé ní etí òkun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Òkúta náà di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí Tógò ń tà sí òkè òkun, ìjọba sì sọ ilé iṣẹ́ náà di ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n inú òkun ni wọ́n ń da ẹrẹ̀ tí ó kù sí, omi ibẹ̀ sì yí àwọ̀ padà. Àwọn onímọ̀ tún rí eyín tí ó ti di aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn agbègbè náà. Owó ọjà lọ sí olú-ìlú, ẹrẹ̀ dúró ní Kpémé.

Ní ọdún 2011, ìjọba Tógò fi òfin de kíkó iyanrìn ní etí òkun, nítorí òkun ti ń gbé ilé lọ. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ gbọ́ bùkátà ni ó kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin tí kò bá pèsè iṣẹ́ mìíràn yóò di ohun tí àwọn tálákà ń fi òru rú.

Ní Èkó fúnra rẹ̀, láàrin ọdún 1908 sí 1912, àwọn òyìnbó kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé láìséwu. Ògiri náà dá iyanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró. Ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ kún, ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kíyèsí i pé ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ kọ́ ni àdánù dé sí.

Èyí tí ó dunni jù lọ ni ti Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ènìyàn ń fọ́ òkúta góòlù nínú agbo ilé wọn, òjé inú òkúta náà sì pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Kò sí òbí níbẹ̀ tí ó fẹ́ ibi fún ọmọ rẹ̀. Àìmọ̀ ni ó pa wọ́n, àìní sì ti mú wọn dé ibẹ̀.

8. Ohun tí òfin ilẹ̀ wa sọ

Òfin Nàìjíríà sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́nì. Òfin ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe sí àyíká ní kí a ṣe àyẹ̀wò náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Abala 116 nínú òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 sì pàṣẹ pé ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà, títí kan èyí tí a fi ń wa òkúta àti iyanrìn, gbọ́dọ̀ bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́, ìlera, ọ̀nà, iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú, àti ìtọ́jú àyíká wà lára ohun tí àdéhùn náà lè ní nínú.

Lórí omi, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nípa ẹni tí ó ní àṣẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀nà omi, NIWA, ni ó ni àṣẹ náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí: ibi tí ìjọba méjì bá ti ń jà lórí ìwé àṣẹ, ó rọrùn kí ẹni tí kò ní ìwé kankan máa ṣiṣẹ́ láàrin wọn.

Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: ta ni “ìlú tí ó gba ìwakùsà lálejò”? Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹbí onílẹ̀ nìkan, a ti ka ìwé kan ṣoṣo. Ní ti iyanrìn ọ̀sà, ìlú náà ni gbogbo àwọn tí ń mu, tí ń pẹja, tí ń wakọ̀ nínú omi náà, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ odò. Ó yẹ kí àga wà fún apẹja àti fún àwọn obìnrin ẹlẹ́ja níbi tí a bá ti ń ṣe àdéhùn.

9. Ojúṣe wa gẹ́gẹ́ bí Kristẹni àti ọmọ etíkun

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kọ́ wa pé a fi ènìyàn sínú ọgbà kí ó lè máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Ríro àti ṣíṣọ́ jọ wà nínú àṣẹ kan náà. Wòlíì Jeremáyà, ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀, sọ̀rọ̀ iyanrìn gẹ́gẹ́ bí ààlà tí Ọlọ́run fi lélẹ̀ fún òkun. Àwa tí a ń gbé láàrin òkun àti ọ̀sà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nábótì pẹ̀lú kọ̀ láti fi ogún àwọn baba rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ọba, nítorí ó mọ̀ pé ogún kì í ṣe ti ẹni tí ó wà láyé nìkan.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iyanrìn kọ́lé mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni a fi kọ́ kíláàsì wa. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ ibi tí a ti lè wà á àti ibi tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn, kí a jẹ́ kí omi sinmi ní àkókò tí ẹja ń yé ẹyin, kí a fi àmì sí ibi tí ó jìn, kí a sì kọ àdéhùn sílẹ̀ ní gbangba ní èdè tí gbogbo ìlú gbọ́, Ògù àti Yorùbá. Kí a sì fi lára owó tí ó tán lọ́la kọ́ ohun tí kì í tán: ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́, àti ilé ìwòsàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ọdún 1843 ni àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni etíkun yìí ti ń fi ìmọ̀ ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, lára yín ni àwọn tí yóò di onímọ̀ ẹ̀rọ, agbẹjọ́rò, baálẹ̀, àti olóyè ìjọba yóò ti jáde. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé iyanrìn wá síwájú yín láti fọwọ́ sí, ẹ béèrè ìwé kejì kí ẹ tó gba kálàmù. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti lo ohun tí ó fi fún wa, àti ìkóra-ẹni-níjàánu láti fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó fà á tí iyanrìn ọ̀sà fi wúlò fún ilé kíkọ́ ju iyanrìn òkun àti ti aṣálẹ̀ lọ?

2. Dárúkọ ènìyàn mẹ́ta tí ń jèrè àti ènìyàn mẹ́ta tí ń pàdánù nínú ìwakùsà iyanrìn ní agbègbè rẹ. Ǹjẹ́ a rí ẹni tí ó wà nínú ìhà méjèèjì?

3. Tún ìṣirò inú ìpín kẹfà ṣe: bí ẹja bá dín kù ní ìdá mẹ́rin dípò ìdajì, ǹjẹ́ ìlú yóò jèrè tàbí yóò pàdánù?

4. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní ilé rẹ bí ọ̀sà ti rí nígbà èwe rẹ̀. Kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.